Ọwọ́ Aláago, Ẹsẹ̀ Aránṣọ

Ọwọ́ Bàbá Aláago kì í dúró. Bí kò bá tú aago, á máa dì í. Bí kò bá sì sí aago nílẹ̀, á tú ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó tú. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé bí wọ́n bá so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹnu ni yóò fi máa tún aago ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í bí i nínú. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti jọ ń gbé, ó sì ti gbà pé ẹnu obìnrin náà mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà.

Ilé wọn ò tóbi. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, òkè ni wọ́n ń sùn. Kọ́tìnì kan ló pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì: apá ọ̀tún jẹ́ ti aago, apá òsì jẹ́ ti aṣọ. Lápá òsì ni tábìlì ìgéṣọ wà, àti máṣíìnì dúdú tí Abẹ́rẹ́ rà kí wọ́n tó bímọ, irú èyí tí kò mọ iná mànàmáná rí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ irin pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, irin náà á yí kẹ̀kẹ́ ńlá, bẹ́líìtì awọ tẹ́ẹ́rẹ́ á gbé agbára kẹ̀kẹ́ náà lọ sókè, abẹ́rẹ́ á sì máa sáré lórí aṣọ. Àtẹ̀gùn ilé náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá ni. Kò sẹ́ni tó kà á rí títí di ọjọ́ tó gbé Abẹ́rẹ́ ṣubú.

Lọ́jọ́ náà, Abẹ́rẹ́ gbá kọ́tìnì oníbàárà kan mọ́ àyà, ó ń bọ̀ láti òkè, kọ́tìnì bò ó lójú, ó sì fo ìgbésẹ̀ kẹta láti ìsàlẹ̀. Bàbá Aláago gbọ́ gbì. Nígbà tó fi máa dé ibẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti yí síbi tí Ọlọ́run ò dá a sí.

"Ẹ bá mi wo kọ́tìnì yẹn," ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé kò dọ̀tí?"

Egungun kan ló là. Ilé ìwòsàn fi báńdéèjì líle dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ tó jáde níbẹ̀ tínrín, ó sì gan bí ìlẹ̀kùn tó ti dípẹtà. "Ẹsẹ̀ ta rèé?" ni Abẹ́rẹ́ bèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Aláago ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó yà sí kọ̀rọ̀, ó lọ nu ojú.

Nítorí pé kò lè gun òkè, orí àga gígùn tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí ni Abẹ́rẹ́ ń sùn. Ọkọ rẹ̀ náà fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ lókè, ó ń sùn lórí tábìlì ìgéṣọ. Tábìlì ọ̀hún ò gùn tó o; láti orúnkún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ síta. Wọ́n ní kó lọ sùn sókè, ó ní tábìlì dára fún ẹ̀yìn. Irọ́ ni. Kò lè sùn níbi tí kò ti ní gbọ́ èémí obìnrin yẹn ni.

Ọmọ wọn obìnrin kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà máa lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má ṣì í gbọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú, bí fóònù bá ti dún láàárọ̀, àyà rẹ̀ á já. Ó wa mọ́tò wá láti ìlú kejì tó ń gbé, ó jókòó lórí àpótí aago, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ilé mi. Kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Yàrá méjì ló ní, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè wọ igun tó ṣẹ́ kù. "Bàbá á máa wá kí yín ní Sọ́ńdè Sọ́ńdè."

"Sọ́ńdè?" ni Bàbá Aláago wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó máa mu omi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Wọ́n fà á, wọ́n wọ́ ọ. Níkẹyìn, ọmọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. "Sátidé tó bá kẹ́yìn ẹ̀, mo máa wá. Bí Màmá bá gun àtẹ̀gùn yẹn látìsàlẹ̀ dókè lójú mi, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ yìí mọ́. Bí wọn ò bá lè gùn ún, báàgì máa wà lọ́wọ́ mi." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, Bàbá."

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ físíò, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n fi ìdárayá jí iṣan àti oríkèé tó ti sùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni físíò náà, ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní kí Abẹ́rẹ́ fi ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ògiri, kó wá tẹ orúnkún síwájú títí òun náà yóò fi kan ògiri, láì gbé gìgísẹ̀ nílẹ̀. Orúnkún ò débẹ̀. Abẹ́rẹ́ yọ téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n wọn ohun tó kù. Íǹṣì méjì ni.

"Íǹṣì méjì péré?" ni ó wí. "Aṣọ tó dín ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti fi rán ẹ̀wù fún ẹni tó sanra."

Físíò fún wọn ní ìwé kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ò le: kó tẹ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, kó fà á padà sókè, ọgbọ̀n ìgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́; kó máa yí i roboto; kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ká aṣọ ìnura jọ nílẹ̀. Wọ́n ya àpótí kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà tí wọn yóò máa fi àmì sí. Ó tún kìlọ̀ pé Màmá ò gbọdọ̀ tíì rán aṣọ kankan, torí ẹni tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ lára kì í mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ń ké.

Wọn ò tíì jókòó tán nílé tí Bàbá Aláago fi yọ bẹ́líìtì máṣíìnì. Ó wá ibi tó máa fi í pamọ́ sí títí, ó wá ká a lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ìdí sòkòtò ara rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù, ó so ó. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀, torí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú ló ti ń rù, sòkòtò rẹ̀ ò sì dúró mọ́.

"Bẹ́líìtì mi dà?" ni Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Ó lọ gba ìsinmi."

Abẹ́rẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀, láti ilẹ̀ padà sókè.

Lọ́jọ́ kìíní ìdárayá náà, ó fa ẹsẹ̀ títí dé ìkeje, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Bàbá Aláago ń wò ó, ìdí rẹ̀ ò gbàjókòó. Ẹni tó lè fi irin ẹnu ṣóńṣó mú ìdè aago tó kéré ju ọkà bàbà lọ láì gbọ̀n, kò lè fara da ojú tó fún pọ̀ yẹn. "Fi sílẹ̀," ni ó wí. "Jẹ́ n bá ẹ ṣe é." Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó fi òróró pa á, ó tì í sísàlẹ̀, ó fà á sókè, ó kà á pé ọgbọ̀n. Ó dùn mọ́ Abẹ́rẹ́ débi pé oorun gbé e lọ ní ìkejìlélógún. Ọkọ rẹ̀ rọra parí rẹ̀, ó sì fi àmì sí àpótí.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni aago kan ń dún lára ògiri, Bàbá Aláago á nu ọwọ́, á gbé àpótí ìjókòó, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ìwé náà kún fún àmì bí ìwé ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó ká a sínú ike kí òjò má baà pa á, ó gbé e lọ fún físíò, àyà rẹ̀ sì yọ síta.

Físíò wo ìwé, ó yìn wọ́n. Ó mú ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ó ti ń rọ̀. "Ó yá, Màmá, ẹ fi ìka ẹsẹ̀ yẹn dúró." Kò lè dúró. "Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ọwọ́ mi." Abẹ́rẹ́ tì í, ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ ì bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Físíò wo ìwé lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ẹsẹ̀. Ó wá wo Bàbá Aláago.

"Màmá, ta ló ń ṣe ìdárayá yìí?"

"Àwa ni," ni Bàbá Aláago dáhùn.

"Àwa wo, Bàbá?"

"Èmi ni mò ń bá a tì í, tí mo tún ń bá a fà á. Ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ṣáà máa ń wà níbẹ̀."

Físíò fi ìwé bo ẹnu. Nígbà tó ṣí i, ó ní, "Bàbá, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀." Bàbá fún un pọ̀, ọmọbìnrin náà fò sókè. "Ẹ ò rí i? Gbogbo agbára tó yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ Màmá, ọwọ́ yín ló lọ. Bí ẹ bá bá èèyàn jẹ oúnjẹ ẹ̀, ikùn ta ló máa yó?" Ó jókòó tì wọ́n, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ sí i. "Oríkèé ti tú, ẹ ṣeun fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣan ṣì ń sùn, Màmá fúnra wọn ló lè jí i. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Bàbá Aláago ń ro ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi délé. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó mọ òwe náà, ó tiẹ̀ máa ń fi bá àwọn tó bá yí aago wọn títí tó fi já wí. Ó jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọlọ́ṣà.

"Abẹ́rẹ́, èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi di ẹrù ẹ."

"Ẹ gbé ojú sókè," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n ní a kì í bá ni tan ká fa ni nítan ya. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ fa itan. Ọrùn ẹsẹ̀ lásán lẹ fà. Ohun tẹ́ ò mọ̀ ni pé èmi kì í ṣe aago."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ rí i pé ó yí ojú sí àtẹ̀gùn.

Ìṣòro mìíràn wá yọjú: Abẹ́rẹ́ kórìíra kíka ọgbọ̀n. Ó ní ẹsẹ̀ tí kò rán nǹkan kan, kí ló ń lọ tó ń bọ̀ fún? Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Aláago fetí sí ẹ̀yìn kọ́tìnì, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé o ti ṣe é?"

"Mo ti ṣe é."

"Mi ò gbọ́ kíkà."

"Inú ni mo kà á sí."

Àpótí ọjọ́ náà ṣófo, ti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e náà ṣófo. Bàbá Aláago ò lè fọwọ́ kàn án, kò sì fẹ́ bínú sí i. Ó ki ọwọ́ bọ àárín itan, ó jókòó sí apá tirẹ̀. Aago mọ́kànlá ló wà lára ògiri yẹn, gbogbo wọn ló sì ń lọ dáadáa, kò sí èyí tó bà jẹ́ tí ì bá fi gbàgbé ara rẹ̀. Ó ń ronú bí ilé náà yóò ṣe rí bí kò bá sí ẹni tí yóò máa bú u níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún, ó gbọ́ ìró máṣíìnì. Ó fọwọ́ kan ìdí: bẹ́líìtì wà níbẹ̀. Kí ló wá ń dún? Ó fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Abẹ́rẹ́ ló jókòó ṣánṣán sídìí máṣíìnì, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí irin: gìgísẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìka ń lọ sílẹ̀, gìgísẹ̀, ìka. Kẹ̀kẹ́ ńlá ń yí wíríwírí. Lókè, abẹ́rẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Kò sí òwú, kò sí aṣọ.

"Kí lo ń rán?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mò ń rán," ni Abẹ́rẹ́ wí, kò dúró. "Ẹsẹ̀ yìí ò mọ ọgbọ̀n, Bàbá. Apá ẹ̀wù ló mọ̀, ó mọ ọrùn ẹ̀wù, ó mọ etí kọ́tìnì. Mo ti rán apá méjì tán. Ọrùn ló kù."

Bàbá Aláago sáré pe físíò lórí fóònù. Físíò ní kí ó gbé fóònù sí ìtòsí irin kí òun gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní níwọ̀n bí kò bá ti sí bẹ́líìtì, máṣíìnì náà fúyẹ́, ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn: kí Màmá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n dúró bí ó bá ta wọ́n kíkankíkan, lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n di etí tábìlì mú, kí wọ́n máa fi ìka ẹsẹ̀ dìde.

Ìgbà náà ni ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, máṣíìnì ń rán aṣọ tí ojú ò rí, Abẹ́rẹ́ sì ń kéde èyí tó bá parí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rán aṣọ ìyàwó kan tán, aṣọ tó gùn wọ́ ilẹ̀.

"Ta ló ni ín?" ni Bàbá Aláago bèèrè.

"Ìyàwó aláago kan báyìí. Ọkọ ẹ̀ ò gbádùn, ọwọ́ ń yún un."

Bàbá Aláago rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, omi sì wà lójú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Abẹ́rẹ́ ń fa téèpù lára ògiri. Íǹṣì kan. Ìdajì íǹṣì. Ọjọ́ Tọ́sìdeè, orúnkún kan ògiri, gìgísẹ̀ ò sì kúrò nílẹ̀.

Sátidé dé. Ọmọ dé pẹ̀lú. Báàgì ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó ní táyà nísàlẹ̀, ó sì fúyẹ́ nítorí pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó gbé e ti ògiri, ó dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Bàbá Aláago ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ.

"Bàbá," ni ọmọ wí.

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án."

Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ náà. Ó mọ̀ wọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá mì díẹ̀, wọn ò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n kí wọ́n tó gbá òun mú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì parí sí.

"Bàbá, ẹ fún mi ní bẹ́líìtì mi kí n tó gùn ún."

"Bẹ́líìtì wo?"

"Èyí tó wà ní ìdí yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ so ó ni mo ti rí i. Ta ló rán sòkòtò yẹn? Ṣé mi ò mọ bó ṣe ń dúró ni?"

Bàbá Aláago wo ilẹ̀, ó wo ọmọ. Ó tú u. Sòkòtò náà yọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Abẹ́rẹ́ fi bẹ́líìtì kọ́ ọrùn níbi tí téèpù máa ń wà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ẹ dì í mú dáadáa o."

Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Bí físíò ṣe kọ́ ọ ló ṣe é: ẹsẹ̀ òsì tó le ń ṣáájú, èyí tó ń dùn ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ó kọjá ìkẹta tó gbé e ṣubú, kò wò ó. Ìkẹfà. Ìkẹsàn-án. Ní ìkẹwàá, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ̀n, ó sì fì sẹ́yìn.

Ọmọ pariwo. Bàbá Aláago ju ọwọ́ méjèèjì sókè, sòkòtò já bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ sáré, sòkòtò so ó mọ́lẹ̀, kò lè ṣísẹ̀ kan.

Abẹ́rẹ́ ti gbá irin mú. Ó wo ẹ̀yìn. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró nínú pátá, tó na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ hán èso tó ń já bọ́, ọmọ wọn sì ti fi ọwọ́ bo ojú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́.

"Ẹ gbé sòkòtò yín, Aláago," ni ó wí nígbà tí èémí padà bọ̀ sípò. "Mi ò ní ṣubú."

Ó yíjú padà. Ìkọkànlá. Ìkejìlá. Ìkẹtàlá. Fún èyí tó kẹ́yìn, kò tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ físíò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ń dùn, ló kọ́kọ́ gbé sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gba orí rẹ̀ gòkè.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí wọn: ó lọ sí ojú fèrèsé, ó ṣí i, ó rìn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì dún. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ìró kankan ò ti wá láti ibẹ̀ yẹn. Bàbá Aláago dúró, ó di sòkòtò mú, ó ń fetí sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nu ojú, ó gbé báàgì, ó lọ dá a padà sínú mọ́tò.

"Aláago!" ni ohùn kan ké láti òkè. "Ẹ kí tábìlì yẹn pé ó dàbọ̀. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó gun òkè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ìdí sòkòtò, kò sì sí èyí tó fi di irin. Abẹ́rẹ́ ti padà wá sí orí àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ mú ọwọ́ mi kẹ́ ẹ má baà ṣubú."

"Sòkòtò ni mo dì mú."

"Mo rí i. Ẹ fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún mi."

Ó sì fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún un.